Bí Ọmọ Àwòdì Ṣe Ń Kọ́ Fífò Lójú Ọ̀run Ilé-Ifẹ̀

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Òótọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á bi ara wa léèrè: àwa ará ilẹ̀ ńkọ́, ǹjẹ́ à ń wo àwòdì òkè? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń lo ọdún 4 tàbí 5 nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí kì í gbójú sókè àfi bí òjò bá ṣú. Àdán tí ó so rọ̀ sórí igi nínú ọgbà yìí ni gbogbo ènìyàn mọ̀, nítorí pé ariwo wọn àti òórùn wọn kì í jẹ́ kí á gbàgbé wọn. Àwòdì kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè ni ó wà, ó ń rà bàbà, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó wo òun.

Ní àwọn ìlú ńlá bíi Lọ́ńdọ̀nù àti New York, irú àṣá kan wà tí ó ń pamọ sórí ilé gogoro. Falco peregrinus ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Bí ó bá di àkókò tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń kọ́ fífò, àwọn ènìyàn a máa dúró lẹ́bàá títì, wọn a gbé awò tí ń fa ohun jíjìn súnmọ́ni sójú, wọn a sì máa wo òkè bí ẹni ń wo egúngún. Ara òkúta gíga ni ilé ẹyẹ yìí láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Ilé gogoro jọ òkúta lójú rẹ̀, ẹyẹlé tí ó kún ìgboro sì di oúnjẹ fún un. Nàìjíríà náà kò ṣàìmọ̀ ọ́n, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn kan nínú wọn ń sá wá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyẹ tí ará Ifẹ̀ lè máa wò lójoojúmọ́. Èyí tí ó jẹ́ tiwa, tí ó ń bá wa gbé ìgboro, tí ó ń gbé ẹran lórí àtẹ, tí ó ń gbé òròmọdìẹ lẹ́yìnkùlé, ni àwòdì. Òun ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn kò ju méjì lọ: báwo ni ọmọ àwòdì ṣe ń di ẹni tí ń fò, àti pé, kí ni ó lè dí i lọ́wọ́?

Àṣá, Àwòdì, Igún

Ẹnu wa máa ń da orúkọ àwọn ẹyẹ wọ̀nyí pọ̀. Ẹyẹ kan náà ni ẹlòmíràn yóò pè ní àṣá ní òwúrọ̀ tí yóò tún pè ní àwòdì ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa, ẹ jẹ́ kí á ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ́tọ̀.

Àṣá ni ẹyẹ aṣọdẹ tí ó máa ń lé ẹyẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ mú. Ara rẹ̀ ki, ó sì yára. Wọ́n ní àṣá ń bá ẹyẹlé ṣeré, ẹyẹlé ń yọ̀. Ẹyẹlé ń fikú ṣeré. Ẹni tí ó pa òwe yìí ti wo àṣá dáadáa. Irú àṣá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá ká apá kò, tí ó sì já láti òkè wá sórí ẹyẹlé, eré rẹ̀ máa ń ju kìlómítà 300 lọ ní wákàtí kan. Kò sí ẹranko mìíràn tí a tíì mọ̀ tí ó ń sáré tó o.

Àwòdì kì í ṣe ẹlẹ́mìí eré bẹ́ẹ̀. Apá rẹ̀ gùn, ó sì fẹ̀. Bí ó bá na méjèèjì, láti ṣóńṣó ọ̀kan dé ṣóńṣó èkejì lè tó nǹkan bí mítà 1.5, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀ kì í sábà wọ̀n tó kìlógíráàmù 1. Ẹrù kékeré lórí apá ńlá ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi lè wà lókè fún ìgbà pípẹ́ láìju apá rárá. Ìrù rẹ̀ là sí méjì bí ìrù ẹja, ó sì máa ń yí i sọ́tùn-ún, sósì, bí atukọ̀ ṣe ń fi àjẹ̀ darí ọkọ̀. Àmì tí ó wúlò jù fún wa nínú iṣẹ́ yìí wà ní ẹnu rẹ̀. Àgógó ẹnu àgbà àwòdì pọ́n bí èso ìyeyè. Ti ọmọ rẹ̀ dúdú. Láfikún, ìrù ọmọ kò tíì là jinlẹ̀ bí ti àgbà, àyà rẹ̀ sì ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ àwọn àmì yìí kò ní í pe ọmọ ní àgbà mọ́.

Igún ni ẹ̀kẹta. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n: orí tí ìyẹ́ kò sí, ọrùn tí ó tẹ̀, ìrìn kángẹ́kángẹ́. Kì í ṣọdẹ. Òkú ohun ni ó ń jẹ. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, nítorí pé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá.

Ìgbà Tí Àwòdì Ń Wá àti Ìgbà Tí Ó Ń Lọ

Àrìnrìnàjò ni àwòdì. Bí òjò bá ti ń parí lọ, láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, ni wọ́n ti ń dé sí gúúsù Nàìjíríà láti ilẹ̀ ọ̀dàn àríwá. Ọwọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń bímọ. Bí òjò bá sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún tàbí Ìkẹfà, wọn a tún kọrí sí àríwá, tọmọtọmọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní ìgbà òjò, koríko àti igbó ilẹ̀ wa a ki, eku àti alángbá a rí ibi sá sí. Ní àkókò yẹn gan-an ni ilẹ̀ ọ̀dàn ń rú, tí tata àti àwọn kòkòrò mìíràn ń pọ̀ níbẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, ewé wọ́, koríko gbẹ, àgbẹ̀ ń finá sungbó. Níbi tí iná bá ti ń jó, àwọn àwòdì yóò ti pé síbẹ̀, wọn a máa gbé tata àti eku tí ń sá jáde. Kò sí àsìkò tí ó rọrùn láti bọ́ ọmọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Orí igi gíga ni àwòdì ń kọ́ ìtẹ́ sí. Igi gbígbẹ ni ó fi ń ṣe òpó ilé náà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ìyanu wà: àkísà, bébà, okùn, ọ̀rá. Kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ní ilẹ̀ Spain, àwọn onímọ̀ kan ṣe ìwádìí lórí irú àwòdì tí ó súnmọ́ tiwa, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Wọ́n rí i pé ọ̀rá funfun tí àwọn ẹyẹ náà fi ń ṣe ìtẹ́ lọ́ṣọ̀ọ́ jẹ́ àmì fún àwọn àwòdì yòókù pé ẹni tí ó ni ilé yìí lágbára, kí wọ́n má dán an wò. Àwọn tí agbára wọn kò tó kò jẹ́ fi ọ̀rá púpọ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́, nítorí pé ìjà yóò kàn wọ́n.

Ẹyin 2 ni ó wọ́pọ̀. Nígbà mìíràn ó lè jẹ́ 1 tàbí 3. Ìyá a sàba lé wọn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5, baba a sì máa gbé oúnjẹ wá. Láti orí ẹyin àkọ́kọ́ ni ìyá ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sàba, nítorí náà ẹyin kì í pa lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀gbọ́n yóò ti máa jẹun kí àbúrò tó dé. Bí oúnjẹ bá pọ̀, àwọn méjèèjì yóò dàgbà. Bí oúnjẹ bá wọ́n, ẹ̀gbọ́n ni yóò jẹ, àbúrò lè kú. Ìwà ìkà kọ́; ọ̀nà tí ó fi dájú pé ó kéré tán, ọmọ kan yóò yè ni.

Ìyẹ́ Ni Ẹyẹ Fi Ń Fò

Nígbà tí ọmọ àwòdì bá jáde láti inú ẹyin, ìhùùhù ni ó bò ó lára, kò sì lè mú ara rẹ̀ móoru. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyẹ́ gidi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìyẹ́ tí ó ń hù kì í fẹ́ lójijì. Inú àpò tóóró bí ẹ̀gún ni ó ń bá jáde, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú àpò náà tí ń gbé oúnjẹ fún un. Bí ó bá ti ń gùn ni àpò náà ń fọ́, tí ìyẹ́ ń là jáde láti òkè wá. Bí ìyẹ́ bá ti gbó tán, ẹ̀jẹ̀ yóò gbẹ nínú rẹ̀, yóò le, yóò sì fúyẹ́. Láti ìgbà náà, ohun tí a kọ sára rẹ̀ kò ṣe é pa rẹ́ títí di ìgbà tí ẹyẹ náà yóò fi pàrọ̀ ìyẹ́.

Ọ̀rọ̀ "kọ" tí a lò yìí kì í ṣe àsọdùn. Bí ebi bá pa ọmọ ẹyẹ nígbà tí ìyẹ́ rẹ̀ ń hù, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò hàn ní ìbú ìyẹ́ náà, níbi tí kò ti lágbára tó. Ibẹ̀ ni ìyẹ́ ti lè kán lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wò lè ti ara ìyẹ́ kan mọ ìyà tí ẹyẹ ti jẹ nínú ìtẹ́. Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fífò kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ fò. Inú ìtẹ́ ni, lójoojúmọ́ tí oúnjẹ bá dé tàbí tí kò dé.

Nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí ọmọ yóò fò, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dìde dúró ní etí ìtẹ́, yóò kọjú sí ẹ̀fúùfù, yóò sì máa ju apá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà yóò pẹ́ díẹ̀ sí i. Nígbà mìíràn ẹ̀fúùfù a gbé e sókè díẹ̀ kúrò lórí ìtẹ́, ẹ̀rù a bà á, a sì fi èékánná di igi mú. Lẹ́yìn èyí ni yóò fo láti inú ìtẹ́ sórí ẹ̀ka tí ó súnmọ́ ọn, tí yóò sì tún padà. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé eré lásán ni ó ń ṣe. Iṣan àyà ni ó ń fi eré yìí ṣe, nítorí pé iṣan àyà ni ó ń gbé apá.

Gbígbéra Rọrùn, Bíbà Ni Iṣẹ́

Bí ọmọ bá ti lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 láyé, ọjọ́ náà yóò pé. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ìyá ẹyẹ ni ó ń ti ọmọ rẹ̀ jáde nínú ìtẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ni ó ń gbéra fúnra rẹ̀. Ohun tí òbí ń ṣe ni pé wọ́n lè gbé oúnjẹ bà sórí ẹ̀ka mìíràn dípò inú ìtẹ́. Ebi a sì ṣe ìyókù.

Ìfò àkọ́kọ́ kì í gùn. Láti igi dé igi ni. Ohun tí ó sì yẹ kí ẹni tí ń wò ó fojú sí kì í ṣe bí ó ṣe gbéra, bí kò ṣe bí ó ṣe bà. Láti gbéra, kí ẹyẹ na apá kí ó sì fo ti tó. Láti bà, ó ní láti dín eré rẹ̀ kù títí tí yóò fi kù díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má lè gbé e mọ́, kí èyí sì ṣẹlẹ̀ ní orí ẹ̀ka gan-an, kì í ṣe kí ó tó débẹ̀ tàbí lẹ́yìn tí ó bá ti kọjá. Bí ó bá tètè ṣe é, yóò já bọ́ sílẹ̀. Bí ó bá pẹ́, yóò forí sọ igi. Àgbà ẹyẹ máa ń gbé iwájú apá sókè, a tẹ ìrù wálẹ̀, a sì na ẹsẹ̀ síwájú. Ìyẹ́ kékeré kan tún wà níwájú apá, níbi tí àtàǹpàkò ìbá wà bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ni. A máa ṣí i sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ṣàn dáadáa lórí apá ní àkókò tí eré rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Ọmọ ní gbogbo ohun èlò yìí, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lo èwo. Ìdí nìyí tí a fi ń rí i tí ó ń bà sórí ewé tí kò lè gbé e, tí ó ń fi apá so rọ̀, tàbí tí ó ń ré kọjá ẹ̀ka kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dì í mú.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti afẹ́fẹ́ tí ń gòkè. Bí oòrùn bá mú, títì ọlọ́dà, òrùlé páànù àti pápá gbígbẹ a gbóná ju igbó tí ó yí wọn ká lọ. Afẹ́fẹ́ orí wọn náà a gbóná, a fúyẹ́, a sì máa gòkè bí èéfín. Àwòdì a wọ inú rẹ̀, a na apá, a máa yí po, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé e lọ sókè láìná an ní agbára. Ilé-Ifẹ̀ dára fún irú èyí: òkè tí ó yí ìlú ká, àwọn títì fífẹ̀ inú ọgbà yunifásítì, òrùlé ilé tí ó pọ̀ láti Lágéré dé Ẹnuwá. Láti nǹkan bí agogo 10 òwúrọ̀ títí di agogo 3 ọ̀sán ni ó dára jù láti wò wọ́n. Àgbà yóò wọ inú afẹ́fẹ́ náà, yóò sì máa yí roboto. Ọmọ a wọ̀ ọ́, a jáde kúrò nínú rẹ̀ láìmọ̀, a já wálẹ̀, a ju apá kíákíá, a tún wá a kiri. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìyípo rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ti àgbà.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ti oúnjẹ. Àwòdì máa ń fi ẹsẹ̀ gbé nǹkan, a sì tẹ orí wálẹ̀ jẹ ẹ́ lójú òfuurufú láìbà. Àwọn ọmọ a máa gbé ewé tàbí igi wẹ́wẹ́ fò, wọn a jù ú sílẹ̀, wọn a tún sáré gbé e kí ó tó kan ilẹ̀. Eré ni, iṣẹ́ sì ni. Bí òjò àkọ́kọ́ bá wá rọ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin, tí ikán abìyẹ́ tí à ń pè ní èsúnsún rú jáde láti inú ilẹ̀, ọ̀sẹ̀ ìdánwò ti dé nìyẹn. Èsúnsún kò yára, ó pọ̀, kò sì ní oró. Kò sí ìwé kíkà tí ó dára jù ú lọ fún ẹyẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọdẹ.

Ta Ni Olùkọ́?

Ó yẹ kí ìbéèrè yìí dùn mọ́ àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ǹjẹ́ àwọn òbí ni ó ń kọ́ ọmọ ẹyẹ ní fífò, tàbí a bí i mọ́ ọn?

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Douglas Spalding, dán an wò ní nǹkan bí 1870 sí 1875. Ó fi àwọn ọmọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ sínú àpótí tóóró tí wọn kò ti lè na apá. Nígbà tí ó tó àkókò tí ẹgbẹ́ wọn ń fò, ó tú wọn sílẹ̀, wọ́n sì fò. Ní 1939, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Grohmann ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú ẹyẹlé: ó tọ́ àwọn kan nínú ọ̀pá ihò tóóró tí wọn kò ti lè ju apá, ó sì jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ wọn máa ju apá bí ó ti wù wọ́n. Nígbà tí ó dán gbogbo wọn wò, àwọn tí a há mọ́ kò rẹ̀yìn. Èyí fi hàn pé fífò fúnra rẹ̀ ń bá ìdàgbàsókè ara wá ni. Bí iṣan àti ìyẹ́ bá ti pé, ẹyẹ yóò fò.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á dúró síbẹ̀. Kí ẹyẹ lè gbéra yàtọ̀ sí kí ó mọ fífò. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àṣá peregrine fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Tom Cade, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cornell, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1970 láti máa sin wọ́n. Wọ́n ń gbé àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ sínú àpótí lórí òkè tàbí lórí ilé gogoro ní ìgboro, wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ láìjẹ́ kí wọ́n rí ẹni tí ń fún wọn, wọ́n á sì ṣí àpótí náà nígbà tí ìyẹ́ wọn bá gbó. Ó ju 4,000 irú ọmọ àṣá bẹ́ẹ̀ tí a tú sílẹ̀ láàrin ọdún mélòó kan. Kò sí ìyá, kò sí baba tí yóò fi ọ̀nà hàn wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n ń fò, wọ́n ń lépa ara wọn, wọ́n ń lé labalábá, wọ́n ń lé ẹyẹ tí wọn kò lè mú, títí ọjọ́ tí wọ́n mú ọ̀kan. Oúnjẹ inú àpótí náà kò gbọdọ̀ tán kí wọ́n tó mọ ọdẹ. Àṣírí ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀: ohun tí òbí ń fún ọmọ ẹyẹ jù lọ kì í ṣe ìwàásù, àkókò ni. Wọ́n ń bọ́ ọ kí ó lè ráyè kùnà.

Ẹ̀kọ́ náà kì í sì í tán ní ọdún kan. Ìwádìí mìíràn lórí àwòdì ilẹ̀ Spain, tí ó jáde ní 2014, fi hàn pé bí àwòdì ti ń dàgbà ni ìrìnàjò rẹ̀ láàrin Yúróòpù àti Áfíríkà ń dán mọ́rán sí i. Ẹ̀fúùfù a máa gbé àwọn ọ̀dọ́ yà kúrò lọ́nà. Àwọn àgbà mọ bí a ti ń lò ó. Àwọn baba wa ti rí èyí pẹ́. Wọ́n ní àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. A máa ń pa òwe yìí fún ẹni tí nǹkan ń lọ déédéé fún. Ṣùgbọ́n bí a bá ti wo ọmọ àwòdì tí ẹ̀fúùfù ta nídìí tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé, a ó mọ̀ pé àgbà ẹyẹ ni òwe náà ń bá wí. Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ni ẹ̀fúùfù ń ta nídìí tí ń rí i bí ìrànlọ́wọ́.

Ohun Tí Ó Lè Gé Ẹ̀kọ́ Náà Kúrú

Láàrin àwọn ẹyẹ aṣọdẹ, ọdún àkọ́kọ́ ni ó le jù. Nínú àwọn ọmọ àṣá peregrine, nǹkan bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kì í rí ọdún kejì. Ìjì, ebi àti àìmọ̀ọ́ṣe ni ó ń pa púpọ̀ nínú wọn. Èyí wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ènìyàn náà ti fi tiwa kún un.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àṣá peregrine. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, oògùn apakòkòrò DDT di ohun tí a ń fọ́n káàkiri oko ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Kòkòrò jẹ ẹ́, ẹyẹ kéékèèké jẹ kòkòrò, àṣá jẹ ẹyẹ. Oògùn náà kì í tètè jáde kúrò lára. Inú ọ̀rá ara ni ó ń kó jọ sí. Ó bá èèpo ẹyin àṣá jẹ́, ó sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìyá a sàba lé e, ẹyin a fọ́ lábẹ́ rẹ̀. Derek Ratcliffe ni ó fi èyí hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1967, nígbà tí ó fi èèpo ẹyin àtijọ́ wé ti ìsinsìnyí. Ní 1964, nígbà tí a wá àṣá yìí ní ìhà ìlà-oòrùn odò Mississippi, a kò rí ẹyọ kan tí ó ń pamọ níbẹ̀ mọ́. Amẹ́ríkà fòfin de DDT ní 1972. Nígbà tí ó di 1999, ẹyẹ náà ti pọ̀ tó tí a fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn tí ó fẹ́ parun. Ohun tí ènìyàn bàjẹ́ ni, ènìyàn ni ó sì tún un ṣe. Àwa ọmọ oko kòkó kò ṣàìmọ̀ Gammalin 20, oògùn tí àwọn baba wa fi ń pa kòkòrò lára kòkó, tí àwọn kan sì fi ń pa ẹja lódò. Ẹni tí ó bá fi oògùn pa eku nínú ilé, tí ó sì ju òkú eku náà sí ààtàn, kí ó rántí pé àwòdì ń bẹ lókè tí ń wo ààtàn náà.

Ti igún burú ju èyí lọ. Àwọn tí ó dàgbà ní ìlú Yorùbá ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn lè jẹ́rìí pé igún kì í wọ́n ní ibi ìpẹran àti lórí òrùlé ọjà. Lónìí, ọmọdé lè dàgbà ní ìgboro kí ó má rí ọ̀kan. Àjọ tí ń ṣe ìtọ́jú àwọn ohun ẹlẹ́mìí lágbàáyé kọ igún wa yìí sínú ìwé àwọn tí ó wà nínú ewu ní 2011, ó sì gbé e sí ipò tí ó burú jù ní 2015, ìyẹn ipò tí ó ṣáájú ìparun. Májèlé jẹ́ ìdí kan: ní 2020, ó ju 2,000 igún tí májèlé pa ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau nìkan. Ìdí kejì wà nílé wa: a ń pa á, a ń ta orí àti ẹran ara rẹ̀ lọ́jà fún oògùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹnu àwa kan náà ni a fi ń sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ẹyin 1 péré ni igún ń yé lọ́dún, ọmọ rẹ̀ a sì lo nǹkan bí oṣù 3 sí 4 nínú ìtẹ́ kí ó tó fò. Ẹyẹ tí ń bímọ ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò lè bá ọlọ́jà sáré. A máa ń wúre pé gúnnugún kì í kú léwe. Bí a kò bá ṣọ́ra, ìwúre náà yóò kù, gúnnugún kò ní í sí.

Àwòdì kò tíì dé ipò yìí. Ó ṣì pọ̀. Ṣùgbọ́n igún náà pọ̀ nígbà kan, pípọ̀ rẹ̀ kò sì gbà á.

Bí A Bá Rí Ọmọ Àwòdì Nílẹ̀

Ní oṣù Kẹta àti Ìkẹrin, bí ìjì bá jà, ọmọ àwòdì tí kò tíì mọ̀ ọ́n bà lè já bọ́ sílẹ̀ ní ìdí igi. Àwọn ọmọdé a pé lé e lórí, àwọn kan a sọ ọ́ lókùúta, àwọn kan a gbé e lọ sílé, wọn a fi okùn so ó lẹ́sẹ̀, wọn a máa fún un ní gààrí. Àwòdì tí a fún ní gààrí kì í pẹ́ kú. Ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí ó yẹ kí á ṣe.

Èkíní, bí kò bá farapa, tí ìyẹ́ rẹ̀ sì ti pé, ẹ má gbé e lọ ibì kankan. Ẹ lé ajá àti ọmọdé jìnnà. Àwọn òbí rẹ̀ mọ ibi tí ó wà, wọn yóò sì máa bọ́ ọ. Èkejì, bí ọkọ̀ tàbí ajá bá lè pa á níbẹ̀, ẹ da aṣọ bò ó lórí, nítorí pé bí kò bá ríran, ara rẹ̀ yóò balẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún èékánná rẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Kí ẹ sì gbé e sórí ẹ̀ka tàbí òrùlé kékeré nítòsí. Kì í ṣe òótọ́ pé bí ọwọ́ ènìyàn bá ti kan ọmọ ẹyẹ, ìyá rẹ̀ yóò kọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta, bí apá rẹ̀ bá kán, ẹ fi sínú páálí tí ó ní ihò, ẹ má da omi sí i lẹ́nu, kí ẹ wá dókítà ẹranko tàbí àwọn olùkọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko. Ẹ̀kẹrin, ẹ bá àwọn tí ń gé igi sọ̀rọ̀. Igi ńlá kan tí a gé ní oṣù Kejì lè ní ìtẹ́ lórí. Bí a bá dúró di oṣù Kẹfà, ìtẹ́ náà yóò ti ṣófo.

Ìkádìí

Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, ó hàn pé a kì í kọ́ àwòdì ní fífò bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ábídí. Ara rẹ̀ ni ó ń fún un ní apá, òbí rẹ̀ ni ó ń fún un ní àkókò, ẹ̀fúùfù ni ó sì ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ̀kẹrin tí ó kù ni àyè, ọwọ́ àwa ènìyàn sì ni èyí wà: igi tí a kò gé, ààtàn tí kò ní májèlé, òkúta tí ọmọdé kò sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èdè wa pẹ̀lú. A ń kọ́ òwe àwòdì àti àṣá àti igún nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, a ń túmọ̀ wọn, a ń yẹ wọ́n wò bí iṣẹ́ ọnà. Ojú ni àwọn baba wa fi rí ohun tí wọ́n fi pa òwe wọ̀nyí. Bí ẹyẹ bá tán lójú ọ̀run, òwe yóò kù lẹ́nu bí èèpo ẹyin tí kò ní nǹkan nínú. Ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, ní nǹkan bí agogo 11 òwúrọ̀, kí olúkúlùkù wa jáde kúrò nínú ilé ìkàwé fún ìṣẹ́jú 10. Kí ó wo òkè. Bí ó bá rí àwòdì tí àgógó rẹ̀ dúdú, tí ó ń já kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí ó sì tún ń wá a kiri, kí ó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni.